Ìnáwó òkú màámi àti ayé tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ọ̀rọ̀ òkú màámi sì ni, kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń gbé síta bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́dọọdún, tó bá ti di bí oṣù kẹwàá títí wọ Kérésì, àwọn èèyàn á máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ajé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde láti wá wo léèsì ìsìnkú, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí pé ṣé mo lè gbé e fún wọn láwìn, àwọn á san án tí ìnáwó bá parí. Tí mo bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, àyà mi máa ń já. Torí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Àwa Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ wá, a kì í fi ìnáwó ṣeré. Mi ò wá bú ìlú mi o. Tó bá di Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, jáde pẹ̀lú aṣọ wọn, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀ wá kí ọba, orí mi máa ń wú, Kìrìsìtẹ́nì ni mí mo sì ń bá wọn yọ̀, kódà ọjà máa ń tà lásìkò yẹn. Mi ò sọ pé ayẹyẹ burú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìfẹ́ ayé lè wà nínú èèyàn tí kì í mutí, tí kì í lọ páàtì alẹ́, tí kì í fo àdúrà àárọ̀ kọjá, kó sì máa darí ẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, kó sì máa rò pé Ọlọ́run ni òun ń sìn.

Yunifásítì ni mo wà ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mo fayé mi fún Krístì. Ìpàdé wa gbóná nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo ṣì ń dúpẹ́ fún un. Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ó ń jẹ́ ayé ni yẹtí, ṣòkòtò obìnrin, àtíkè, orin ayé, sinimá àti bọ́ọ̀fúrẹ́ǹdì. Mo kó gbogbo ẹ̀ jù nù lọ́sẹ̀ kan náà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé mo gbà lọ́kàn ara mi pé ọ̀rọ̀ ayé ti tán lọ́dọ̀ mi, pé àwọn tó kù níta ni wọ́n ń wàásù fún. Tí wọ́n bá ti ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Démà kọ òun sílẹ̀ torí ó fẹ́ ayé ìsinsìnyí, ojú ọ̀rẹ́ mi kan tó padà sídìí ìpara ni mo máa ń rí. Mi ò rí ara mi níbẹ̀ rí.

Mo lọ́kọ, mo bẹ̀rẹ̀ aṣọ títà, Ọlọ́run bù sí i. A wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi díẹ̀ láàárín ìlú, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, torí pé mo ń ta aṣọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí n máa bá ẹgbẹ́ ra aṣọ ìkórè. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Aṣọ ìkórè, aṣọ ọjọ́ ẹgbẹ́, ankó ọmọ Ìyá Ìjọ tó ń ṣègbéyàwó, ankó àádọ́ta ọdún ẹni kan, ìsìnkú bàbá ẹnìkejì. Gbogbo ẹ̀ ní ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, tí ọjọ́ bá sì pé wọ́n á ka orúkọ àwọn tí kò tíì san lẹ́yìn ìpàdé. Kò sí ohun tí mi ò lè ṣe kí wọ́n má ka orúkọ mi. Mo ti kó owó iléèwé àwọn ọmọ san ankó rí, mo sọ fún ọkọ mi pé ọjà ò tà.

Màámi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní gbogbo àsìkò yìí. Gàrí ni wọ́n ń yan láti kékeré mi, gàrí Ìjẹ̀bú gidi, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, òun ni wọ́n fi rán wa níléèwé. Ìfúnpá wọn ga, dọ́kítà sì ti sọ pé oògùn ojoojúmọ́ ni, kò sí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fò. Èmi ni mo gbà pé mo máa ra oògùn yẹn. Mo sì ń rà á, àmọ́ ìgbà tí owó bá ṣẹ́kù ni. Tí mo bá pẹ́, màámi á pè, wọn ò ní mẹ́nu kan oògùn rárá, wọ́n á kàn ní "Ìyá Tóbi, ṣé àlàáfíà ni? Ọjà ń kọ́? Ọlọ́run á pèsè." Màámi kì í ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kẹ́yìn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ẹni tó ń ka èyí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀ ń tètè san owó ẹ̀ àti ẹni tí ẹ̀ ń jẹ́ kó dúró, ẹ máa mọ ẹni tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Èmi ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run tó ní kí n bọ̀wọ̀ fún ìyá mi. Ìgbà tó yá ni mo tó rí i pé ohun tí Jésù bá àwọn Farisí wí nínú Máàkù orí keje gan-an nìyẹn, wọ́n ní ohun tó yẹ kí bàbá tàbí ìyá wọn jẹ láǹfààní ti di Kọ́bánì, ìyẹn ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, wọ́n wá fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Léèsì ìkórè ni Kọ́bánì tèmi.

Ọdún 2022 ni rọpárọsẹ̀ kọlu màámi. Àwọn ará ilé gbé wọn lọ ọsibítù, àmọ́ kò gbà. Kí n tó fi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ọ̀nà Òru àti Àwà tí mo ń kọjá yẹn, mo ń gbàdúrà nínú mọ́tò, wọ́n ti lọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ èmi àti àbúrò màámi wọ yàrá wọn láti palẹ̀ mọ́. Agolo Milo kan wà nísàlẹ̀ ìrọ̀rí, mo ṣí i, oògùn ìfúnpá ló wà nínú ẹ̀. Kóró kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé sí méjì, gígé rẹ̀ ò dọ́gba, ìyẹ̀fun funfun ti kó sí ìdí agolo. Wọ́n ń lo ààbọ̀ kó lè pẹ́ títí mo fi máa ra òmíràn. Àbúrò màámi wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo dé agolo náà, mo jù ú sínú báàgì mi, mo jáde lọ bá ẹni tó fẹ́ wọn ilẹ̀ fún kánópì torí ó ti ń dúró.

Ohun tó ń dùn mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo rí i, mo sì gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ wọn ilẹ̀ kánópì.

Ìpàdé ẹbí wá ńkọ́? Àlùfáà ìjọ màámi, bàbá àgbà ni wọ́n, sọ fún wa pé ká jẹ́ ká sin ín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé màámi fúnra ẹ̀ ti sọ fún wọn pé òun ò fẹ́ ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kò lè ṣeé ṣe, pé a gbọ́dọ̀ kun ilé, ká ṣe géètì, ká sé ọgbà. Èmi náà tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni pé "kí làwọn èèyàn máa sọ, pé màámi bímọ, kò rẹ́ni sin ín?" Mo tún fi Bíbélì gbè é, mo ní bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá rẹ. Bẹ́ẹ̀ la fi gbé màámi sí mọ́ṣúárì fún oṣù tó pọ̀, owó ojoojúmọ́ ń gun orí ara wọn, a ń kun ilé tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn gbé inú ẹ̀ pẹ̀lú páànù tó ń jò. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo ti máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíì.

A gbàdúrà o. Kò sí alẹ́ tí a ò gbàdúrà lórí ìnáwó yẹn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ nínú àdúrà: Olúwa má jẹ́ kójú ó tì wá, Olúwa gbé wa ga lójú àwọn ọ̀tá, Olúwa jẹ́ kó dùn ju ti lágbájá lọ. Kò sẹ́ni tó ní Olúwa, ṣé o fẹ́ ká yáwó yìí?

Ibi tí owó ti wá nìyí, mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí. Mo kọ́kọ́ yá ní kọ́pórétìfù ọjà wa, ìyẹn dáa díẹ̀, èlé ẹ̀ ò pọ̀. Kò tó. Mo wá wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gba lọ́ọ̀nù tí wọ́n ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti ń dúró fún ẹnìkejì, tí ìwọ ò bá san, àwọn tó kù ló máa san án. Kò tó. Ìgbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ tí kétérà ní òun ò ní dáná láìgba owó tó kù, mo gba lọ́ọ̀nù lórí fóònù, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó o tẹ "gbà" kí wọ́n lè máa wo nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, aṣọ ẹbí fúnra ẹ̀, láwìn ni mo gbé e lọ́wọ́ oníbàárà mi kan ní Èkó, mo pín in fún ẹbí àti ẹlẹ́gbẹ́ pé wọ́n á san. Ẹni tó bá ti ta aṣọ ẹbí rí mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ọjọ́ ìnáwó ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ràn rẹ, tí aṣọ bá ti wọ ara wọn tán, wọn ò ní gbé fóònù rẹ mọ́.

Ọjọ́ náà dùn. Kí ni mo máa sọ? Ó dùn. Màlúù, ìlù, àwọn tó gbé pósí tí wọ́n ń jó, kámẹ́rà tó ń fò lókè. A fọ́n náírà sórí ara wa, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin Bánkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, a mọ̀, a sì jẹ́ onígbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ màámi kalẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi ni bóyá sùfẹ́níà máa kárí. Mi ò sunkún. Ẹkún yẹn ṣì wà nínú mi di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó máa ń wá nígbà tí mi ò retí ẹ̀.

Kò ju bí oṣù méjì lọ sí i, wàhálà owó tuntun dé. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí wọ́n ní igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan ti àtijọ́ ò ní níná mọ́, tí tuntun ò sì sí ní bánkì. Àwọn èèyàn tò síwájú ATM láti òru, wọn ò rówó ra oúnjẹ, ta ló fẹ́ ra léèsì? Ọjà dákẹ́ fọ́ọ́. Àmọ́ lọ́ọ̀nù ọ̀sẹ̀ ò mọ ìyẹn, gbogbo ọjọ́ ìpàdé ni wọ́n ń retí ẹ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ lọ́ọ̀nù wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọn ò bú mi, wọ́n kàn jókòó, torí tí mi ò bá san, àwọn ló máa san án nínú owó ata tí wọ́n ń tà. Mi ò mọ̀ títí dìgbà yẹn pé gbèsè mi máa ń wọ ilé ẹlòmíì.

Àwọn ti orí fóònù ní tiwọn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù mi pé olè ni mí, wọ́n fi fọ́tò mi sí i. Ó dé ọwọ́ Ìyá Ìjọ. Ó dé ọwọ́ tíṣà àwọn ọmọ mi. Ó dé ọwọ́ ọkọ mi nígbà tó wà níbi iṣẹ́. Ìtìjú tí mo torí ẹ̀ yáwó kó má bàa dé bá mi, òun gan-an ló wá bá mi nílé. Ká ní a ti fi aṣọ kan ṣoṣo àti ìrẹsì díẹ̀ sin màámi ni, kò sẹ́ni tó lè pè mí lólè.

Èyí tó tún wá burú sí i ni pé mi ò gbà pé èmi ni mo fà á. Mo gba orí òkè lọ. Ẹnìkan níbẹ̀ ní òun rí ìyá arúgbó kan nílé bàbá mi tó so owó mi mọ́ ìdí igi, kí n wá fi owó báyìí ṣe ìdáǹdè. Mo yá owó yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kò sí àwọn ọmọ aráyé tó ń ṣe ibi, ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yáwó tí kò ní ọ̀nà tó máa fi san án kò nílò ọ̀tá kankan. Sólómọ́nì ti sọ ọ́ nínú Òwe orí kejìlélógún, ajigbèsè ni ìránṣẹ́ ẹni tó yá a lówó. Bíbélì ò ní ká lọ wá àjẹ́ tó fà á. Mo ní ẹ̀rí ọkàn tó ń sọ fún mi, mo kàn ń fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀.

Oṣù karùn-ún parí, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo. Bẹntiróòlù tó wà ní bíi ₦190 lítà kan di bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó mọ́tò láti Èkó gbé ọjà wá ń lọ sókè lójoojúmọ́. Mo ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ láìrẹ́ni tajà fún, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì lọ́sàn-án nìyẹn, kì í ṣe torí mo jẹ́ ẹni ẹ̀mí, torí kò sí ohun tí mo lè ṣe ni. Mo ka Jòhánù Kìíní orí kejì, ibi tí mo ti há sórí láti Àgọ́-Ìwòyè pé ẹ má ṣe fẹ́ràn ayé. Mo wá rí ohun mẹ́ta tó kà sílẹ̀ níbẹ̀: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú, àti ìrera ayé. Gbogbo ohun tí mo jù nù níléèwé, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá wí. Méjì tó kù, mo gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fún mi ní oyè lórí wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo rántí agolo Milo, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún títí ọmọ tó ń bá mi tajà fi sá lọ pe ọkọ mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ kan tó ti lò tán, a kọ gbogbo ẹni tí mo jẹ lówó sẹ́yìn ẹ̀, iye tí mo yá, iye tí mo ti san, iye tí èlé ti gbé e dé. Mo ti ń sá fún ìwé yẹn látọjọ́ yìí torí mo rò pé tí mo bá rí i pọ̀ ṣù, màá kú. Mi ò kú. Ohun tó ń pa mí tẹ́lẹ̀ ni àìmọ iye ẹ̀.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ fún wa nìyí, bóyá á ran ẹnìkan lọ́wọ́. A kọ́kọ́ san ti orí fóònù torí èlé ẹ̀ ló burú jù, mo ta fírísà àti góòlù tí mo fi pamọ́ pé mi ò ní wọ̀ mọ́, a pa á, mo sì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí àwọn obìnrin tó dúró fún mi. Oníbàárà mi ti Èkó, mi ò dúró kó wá bá mi, mo wọ mọ́tò lọ bá a, mo mú ìwé yẹn dání, mo kúnlẹ̀, mo ní iye tí mo lè máa san lóṣooṣù nìyí. Mo rò pé ó máa lé mi. Ó ní láti ọdún tóun ti ń gbé aṣọ ẹbí jáde láwìn, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sọ̀rọ̀ kí òun tó pè. Ó gé èlé ẹ̀ kúrò. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó, tẹ́ ẹ bá ń sá fún un, ọ̀tá ni. Tẹ́ ẹ bá lọ bá a, èèyàn bíi tiyín ló máa jẹ́ nígbà púpọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló le jù. Mo lọ bá Ìyá Ìjọ, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá ẹlòmíì tó máa máa bá ẹgbẹ́ ra aṣọ, àti pé èmi ò ní ra ti ìkórè ọdún yìí, ti èṣí ni màá wọ̀. Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. Lọ́jọ́ ìkórè mo wọ aṣọ èṣí láàárín àwọn tó wọ tuntun, ara mi ń gbóná, mo rí i pé àwọn kan ń wò mí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sẹ́tí ara wọn. Sọ́ńdè kejì, ó ti dín kù. Nígbà tó fi máa di Kérésì, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Mo jókòó, mo rò ó, mo ní ṣé ohun tí mo ti ń bẹ̀rù látọdún yìí wá, tí mo torí ẹ̀ jẹ́ kí màámi máa gé oògùn, ọjọ́ mélòó kan ló máa ń gbà kó tó kọjá lọ. Obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé àwọn náà ò ní ra, pé àwọn ti ń wá ẹni tó máa ṣáájú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní ká máa sin òkú bí ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ábúráhámù ò fi ìsìnkú Sárà ṣeré, irinwó ṣékélì fàdákà ló wọ̀n lé ilẹ̀ ibojì náà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kà á nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélógún, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló san, lójú ẹsẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, kódà wọ́n fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀. Nikodémù náà gbé òórùn dídùn tó tó ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wá fún òkú Jésù. Ẹni tó ní tó ná an nítorí ìfẹ́, mi ò ní ohun kan láti sọ sí i. Ohun tí mo máa ń bi ara mi báyìí ni pé, tí kò bá sẹ́ni tó máa rí i, tí kò sí kámẹ́rà, ṣé mo ṣì máa ná owó yìí? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí láti fi sílẹ̀ o, mi ò purọ́. Ìfẹ́ ayé ò tíì kú tán nínú mi, mo kàn ti mọ ojú ẹ̀ báyìí ni.

Lọ́dún 2025 ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé ìrántí ọdún kẹta màámi ń bọ̀, ká tún ṣe nǹkan ńlá, pé òun ti bá olórin sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn kò tíì pẹ́ tí Kábíyèsí Awújalẹ̀ Sikiru Kayode Adetona wàjà, ọjọ́ 13 oṣù keje. Ọdún 1960 ni wọ́n gorí ìtẹ́, ọba tó lo bí ọdún márùndínláàádọ́rin, ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n sin wọ́n nílànà Mùsùlùmí. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní Bọ̀ọ̀dá mi, ọba Ìjẹ̀bú rèé o, kò sẹ́ni tó sọ pé wọn ò sin ọba dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ní "Ṣé ìwọ náà ò ní máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò láyọ̀ mọ́." Mo ní mo láyọ̀, owó ni mi ò ní. A jọ bínú síra wa díẹ̀. Nígbà tó yá àwọn fúnra wọn sọ fún mi pé àwọn náà ṣì ń san lọ́ọ̀nù ìsìnkú yẹn níbi iṣẹ́, wọn ò lè sọ fún ìyàwó wọn. Mo ní kí wọ́n sọ fún un.

Ohun tí a ṣe níkẹyìn ni ìsìn kékeré ní ìjọ màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá àlùfáà yẹn ṣì wà láàyè, àwọn ni wọ́n wàásù, a sì se ẹ̀wà àti gàrí fún àwọn tó wá. Owó olórin, a pín in, ìdajì fún gbèsè ẹ̀gbọ́n mi, ìdajì fún oògùn àbúrò màámi tí ìfúnpá tiwọn náà ti ga báyìí. Mo máa ń ra ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó san nǹkan mìíràn nínú owó ọjà, tí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn mo máa ń ní kí wọ́n gbé páálí ẹ̀ wá kí n kà á. Wọ́n máa ń bínú pé mò ń ṣe wọ́n bí ọmọdé. Mo máa ń kà á náà.

Gbèsè kọ́pórétìfù ló kù lọ́rùn mi, a ti fẹ́ san án tán. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù wá gbé léèsì ìsìnkú láwìn, mi ò ní gbé e fún un mọ́, àmọ́ màá fún un ní àga kó jókòó, màá sì bi í pé kí ni ẹni tó kú yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́.